Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Lù Ú

Ìgbà mẹ́ta ni Sísí Télọ̀ lọ aṣọ kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ náà. Ó lọ̀ ọ́ tán, ó fi kọ́, ó jókòó, ó dìde, ó tún wò ó, ó ní apá òsì ti rún, ló bá tún ki wáyà áyọ́ọ̀nù bọ ara ògiri. Aṣọ kò rún. Ọkàn ẹni tó ń lọ̀ ọ́ ló rún.

"Bó o bá tún lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á jóná, ìhòòhò lo máa bá dé iwájú adájọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí láti ẹnu ọ̀nà. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ṣe onídùúró fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, òun náà ló sì ti ń bá a lọ sí kóòtù láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá ní kí n lọ sẹ́wọ̀n ńkọ́?"

"A á máa gbé oúnjẹ wá fún ọ. Wọ aṣọ ẹ."

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Sísí Télọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló wà nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fún un lórúkọ yẹn; òun dàgbà, orúkọ kọ̀, kò bá a dàgbà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà sórí aṣọ tó ń rán, ńṣe ni yóò ní kó jọ̀ọ́ kó sún díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjà náà délé-dóko, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, "Sísí Télọ̀ wo?"

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onídìrí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jọ fẹ̀yìn ti ògiri náà. Bí Sísí Télọ̀ bá lọ ra òwú, Onídìrí ló ń bá a wo ṣọ́ọ̀bù. Bí kọ́tìnì Onídìrí bá ya, kò jẹ́ béèrè iye tí wọ́n á fi rán an. Onídìrí fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i. "Àǹtí" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń lò fún un, kódà bí wọ́n bá ń ṣàwàdà.

Onídìrí yìí nìkan ló mọ̀ nípa ọwọ́ náà. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún Sísí Télọ̀ ti ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n tí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè rí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé òwú sún mọ́ ojú abẹ́rẹ́, òwú yóò máa lọ sọ́tùn-ún, abẹ́rẹ́ yóò máa lọ sósì, bí ẹni méjì tí wọn kì í kí ara wọn. Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sọ fún dókítà. Láràárọ̀ ló máa ń yọjú sí Onídìrí, tí Onídìrí yóò sì fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, méjìlá fún un, tí yóò tò wọ́n sára tìmùtìmù kékeré kan.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ìyàwó tuntun kan àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n wá wọn aṣọ ìgbéyàwó wò. Aṣọ funfun balau, tí Sísí Télọ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún rán. Páìpù tí Onídìrí fi ń da omi orí nù dí, omi tó fi ń fọ aró kúrò lórí oníbàárà kan bá gba abẹ́ ògiri wọlé. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ìṣẹ́tí aṣọ náà ti mu omi dúdú.

Sísí Télọ̀ sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà Onídìrí, ó kígbe mọ́ ọn lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní ọ̀lẹ ni, ó ní ìdọ̀tí ni, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ̀rọ̀ páìpù yẹn. Onídìrí náà tẹ̀ lé e wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ń bínú, kóòmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi, ó ṣíjú wo Sísí Télọ̀, ó ní:

"Ṣé omi mi nìkan ló ba aṣọ jẹ́? Ìwọ ò ṣe sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n? Ẹ bi í léèrè, Mà, ẹ bi í pé ta ló ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́!"

"Ìwọ" ló pè é. Sísí Télọ̀ gbọ́ "ìwọ" yẹn kó tó gbọ́ ìyókù. Ìyá ìyàwó fa aṣọ náà yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Sísí Télọ̀ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, Onídìrí rò pé ó fẹ́ gbá òun létí ni, ó tì í láyà, Sísí Télọ̀ fẹ̀yìn gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun náà tì í padà. Ibẹ̀ ni ì bá parí sí, nítorí pé Onídìrí pòṣé, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

Rúlà onírin gígùn wà lórí tábìlì. Àwọn àgbà ní inú bíbí ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó gbé rúlà, ó lù ú ní èjìká, ó tún gbé e sókè, ó lù ú lórí. Onídìrí ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ orí rẹ̀ láti rán ọgbẹ́ náà ní ilé ìwòsàn.

Kò sẹ́ni tó rí i. Oníbàárà méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ariwo ẹ̀rọ yẹn sì ju ti ìjà lọ.

"Ìyẹn náà ló máa yọ yín, Mà," ni lọ́yà sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, táì rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì ń dúró dè. "Òun ló kọ́kọ́ tì yín. Ẹ̀rù bà yín. Ẹ na ọwọ́ sí ohun tó wà nítòsí, ẹ gbèjà ara yín. Ó parí."

"Ṣùgbọ́n ó ti kẹ̀yìn sí mi."

Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún. "Ta ló rí yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ó sinmi láti oṣù mẹ́rin. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, yóò dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ohun tó dìde sí. Á lọ ṣí fèrèsé, á padà wá tì í. Ó ń jẹun lórí ìdúró. Ó tilẹ̀ ń rìn yí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ po débi pé ẹ̀gbọ́n ní òun á máa gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé kóòtù lọ́jọ́ náà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ẹjọ́ tiwọn ni ìkẹrìnlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún un síwájú ṣáájú: lẹ́ẹ̀kan, fáìlì sọnù, lẹ́ẹ̀kejì, ara adájọ́ ò yá. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó pe ẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni wọ́n jọ ń jókòó sí i. Ẹ̀gbọ́n jókòó, Sísí Télọ̀ jókòó tì í.

Kò pẹ́, Onídìrí dé. Ó we síkáàfù búlúù mọ́rí títí dé ìpéǹpéjú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí àyè mìíràn, ó bá jókòó sí apá kejì ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ó kí ẹ̀gbọ́n.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Orí ńkọ́?"

"Ó ń fọ́."

Ẹ̀gbọ́n wà láàárín wọn bí ògiri. Kò sí èyí tó yíjú sí èkejì. Sísí Télọ̀ dìde, ó lọ sí ilé ìtura. Ó padà, ó jókòó. Ó tún dìde, ó lọ ka ìwé ara ògiri, bí ẹni pé nọ́ńbà wọn ti lè yí padà. Ó padà, ó tún dìde.

"Jókòó jẹ́jẹ́," ni ẹ̀gbọ́n sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O ti ń kó àárẹ̀ bá àwọn èèyàn."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé láti wọlé gbọ́ ẹjọ́ kẹtàlá, torí náà Sísí Télọ̀ wọlé lọ dúró lẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan ló wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Wọ́n ní ó gbá oníbàárà kan lẹ́nu, eyín ká. Mẹkáníìkì ní òun ò fọwọ́ kàn án, eyín náà ló fúnra rẹ̀ jábọ́, ó ti ń mì tẹ́lẹ̀. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin ni adájọ́ náà, kò tíì lè pé ogójì ọdún dáadáa. Ó ṣí ìwé kan, ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí mẹkáníìkì yóò wá jẹ́jọ́ lílu ènìyàn, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ń ní ẹni tí òun lù ló lu ara rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ọlọ́pàá kan fọwọ́ kan ọkùnrin náà léjìká, wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mú un lọ. Kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò lórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn pa dé.

Sísí Télọ̀ yí padà. Ó bọ́ síta.

Lọ́yà ti ń wá a. "Mà, ìròyìn ayọ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ti gbà. Dídá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára ni ẹ̀sùn wa, ìyẹn wúwo. Bí ẹ bá gbà pé ẹ jẹ̀bi lílu ènìyàn lásán, á fa èyí tó wúwo yẹn ya, kò sì ní béèrè ẹ̀wọ̀n. Adájọ́ kò di dandan kó tẹ̀ lé e o, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé e. Àbí ká jà á, ká ní ìgbèjà ara ẹni ni? Bá a bá borí, ẹ lọ sílé láìní àbùkù kankan. Bá a bá fìdí rẹmi..." Kò parí rẹ̀. Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn.

"Bá a bá jà á, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè?"

"Wọ́n á bi yín."

"Wọ́n á bi mí bóyá ó ń kojú sí mi?"

"Á dáa kí ẹ rántí pé ó ń kojú sí yín, Mà."

Ó wo lọ́yà. Ọmọ rẹ̀ ni ì bá jẹ́. Ó ti ń rán ẹ̀tàn fún un bí ẹni tó ń rán aṣọ tí kò bá a mu, ó sì ń ní kó fa ikùn wọlé.

"Màá ní mo jẹ̀bi," ó ní.

Wọ́n pè wọ́n ní nǹkan bí aago méjìlá. Àpótí olùjẹ́jọ́ ga ju bó ṣe rò lọ, ó di igi iwájú rẹ̀ mú, ọwọ́ ọ̀tún sì ń gbọ̀n lórí rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn. Adájọ́ béèrè bóyá ó yé e, bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú un.

"Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, Olúwa mi. Mo jẹ̀bi."

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ń ka bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ: ìjà lórí omi, ọ̀rọ̀ ẹnu, títì lóòótọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. "Lẹ́yìn náà olùjẹ́jọ́ fi rúlà onírin lu olùpẹ̀jọ́ lẹ́ẹ̀kan ní orí."

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" adájọ́ béèrè.

Lọ́yà ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Sísí Télọ̀ la ẹnu, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Rárá, Olúwa mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lù ú. Èjìká ni mo kọ́kọ́ lù. Ó sì ti kẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ."

Lọ́yà jókòó wúrúkú bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀. Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò sí nínú ìwé tó wà níwájú mi. Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ọ́?"

"Mi ò tíì sùn dáadáa, Olúwa mi. Ọ̀rọ̀ tó sọ dùn mí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Ojú ló tì mí."

Láti ẹ̀yìn, ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀.

Adájọ́ wá yíjú sí Onídìrí, ó ní kó sọ ohun tí ìlù náà ti ṣe fún un. Onídìrí dìde.

"Bí mo bá tẹ̀ síwájú lé orí oníbàárà, orí á fọ́ mi, Olúwa mi, gbogbo iṣẹ́ mi ló sì jẹ́ títẹ̀ síwájú. Mo ti yí àga mi padà sára ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ẹ̀yìn mi kọjá, mo máa ń fò." Ó fọwọ́ kan èjìká. "Ibí yìí ti ń dùn mí láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ìgbà tí mo ṣubú ni. Mi ò mọ̀ pé ó lù mí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ náà, mo mọ ibi tí mo fi í gún. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lù ú o. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ tèmi pa tirẹ̀ rẹ́."

"A ò ní fi pa á rẹ́," adájọ́ ní.

Ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Ìró bírò yẹn nìkan ni Sísí Télọ̀ ń gbọ́. Ó fẹ́ dìde, ó rántí pé òun wà lórí ìdúró.

"Mà, ẹ gbọ́ mi. Ó tì yín, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ fi tì í padà, òfin ò bá yín wí. Ẹni tí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn lè fọwọ́ dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti yí ẹ̀yìn padà, ìjà ti parí, ẹ̀yin lẹ tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀rọ̀ burúkú ni ẹ gbọ́, mo gbà. Kì í ṣe ohun tí à ń fi irin dá lóhùn. Ìlù kejì tí ẹ jẹ́wọ́ yìí mú kí ẹ̀ṣẹ̀ yín wúwo sí i. Jíjẹ́wọ́ rẹ̀ náà ló sì jẹ́ kí n mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀."

Ó wá ka ìdájọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, ṣùgbọ́n òun so ó kọ́ fún ọdún kan: bí ó bá tún fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láàárín ọdún náà, ẹ̀wọ̀n yẹn yóò já bọ́ lé e lórí. Kó san owó ilé ìwòsàn Onídìrí tán pátápátá. Kó ṣe ọgọ́rin wákàtí iṣẹ́ ìlú láìgba kọ́bọ̀.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, Olúwa mi."

"Ẹ lè máa lọ."

Ní ìta, lọ́yà ní, "Mà, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí lónìí," ó sì rẹ́rìn-ín, ó sáré lọ bá ẹjọ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rìn dé ibùdókọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ ń gbọ̀n láti ọdún kan, èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì wà nílé ìwòsàn, onídìrí lo lọ sọ ọ́ fún."

"Ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Lọ́la, a ń lọ rí dókítà."

Lóòótọ́ ni wọ́n lọ. Dókítà fún un ní oògùn, ó ní yóò dín in kù, kò ní mú un lọ pátápátá. Láti ìgbà náà ni kò ti gba aṣọ ìgbéyàwó mọ́. Ṣòkòtò àti kọ́tìnì ló kù.

Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n rán an lọ fún iṣẹ́ ìlú. Wákàtí mẹ́jọ ní gbogbo Sátidé, ó ń gbálẹ̀, ó ń nu fèrèsé. Ọkùnrin tó ń kọ wákàtí wọn sílẹ̀ kì í gbójú fo ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní Sátidé kẹta, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti yí iṣẹ́ padà ni?" Sísí Télọ̀ ní, "Adájọ́ ló rán mi." Obìnrin náà kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Ó ya Sísí Télọ̀ lẹ́nu pé ojú kò ti òun.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà tó pé, Onídìrí ti kó kúrò. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà kẹta. Àwọn èèyàn ní kò tọ́ kí Sísí Télọ̀ máa lọ bá a, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó gbọ́ wọn. Ọjọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé Sátidé tó kẹ́yìn, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ.

Onídìrí rí i nínú jígí, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí oníbàárà kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jókòó."

Ó jókòó síbi tí Onídìrí ti lè máa rí i. Dídì náà gbà ju wákàtí kan lọ. Ó dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jókòó. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Onídìrí ń gbá irun ilẹ̀ jọ.

"Kí lẹ bá wá, Àǹtí?"

"Mo wá tọrọ àforíjì. Ti kóòtù ti tán. Tèmi ò tíì tán. Ẹ̀yìn rẹ ni mo lù. Jọ̀ọ́, má bínú."

Onídìrí gbá irun náà wọ inú páànù, ó dà á nù, ó padà wá. "Mo gbọ́," ó ní. "Èmi náà, kò yẹ kí n sọ ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, àyà mi ń já. Ẹ má tíì máa wá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Bó bá yá, èmi ni màá wá bá yín."

Sísí Télọ̀ dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba iwájú Onídìrí kọjá, kò gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn padà. Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró dè é.

"Ó dárí jì ọ́?"

"Ó gbọ́."

"Ìyẹn náà dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì sún àga fún un. Ṣòkòtò mẹ́ta ló kù tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Sísí Télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rán méjì kó tó dìde.